Tí lẹ́tà kánsù bá dé bá ìjọ yín nínú ilé ìkẹ́rùsí

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní ìjọ yín ti ń jọ́sìn láti bí ọdún méjì nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, pé kánsù ti fi ìwé ránṣẹ́, àti pé àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí ẹ má fèsì, kí ẹ sáà máa gbàdúrà. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ilé ní ìjọ tiwa nígbà tí irú rẹ̀ dé bá wa. Ó gbà wá tó ọdún mẹ́ta, owó tó sì bá a lọ kò kéré. Ẹ gbàdúrà o, ṣùgbọ́n ẹ fèsì ìwé náà.

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ tí wọ́n kọ sókè ìwé yẹn. Bó bá jẹ́ planning contravention notice, ìbéèrè ni wọ́n ń bi yín: ta ló ni ilé, ta ló ń lò ó, ìgbà wo lẹ débẹ̀, kí lẹ ń fi ṣe. Ọjọ́ 21 lẹ ní láti dáhùn. Ẹni tí kò dáhùn ti rú òfin, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ sínú rẹ̀ náà ti rú òfin. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ enforcement notice, ó ti kọjá ìbéèrè, àṣẹ ni pé kí ẹ dáwọ́ dúró. Ọjọ́ tí àṣẹ yẹn máa múlẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì lè dín ní ọjọ́ 28 sí ìgbà tí wọ́n fi jíṣẹ́ fún yín. Kí ọjọ́ náà tó kò ni ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yín gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ Planning Inspectorate, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá fi ọjọ́ kan péré pẹ́, ó ti bọ́. Bó bá bá a, àṣẹ náà á dúró títí wọ́n á fi dájọ́, àfi tí kánsù bá fi stop notice kún un, ìyẹn ìwé tó ń dá yín dúró láìdúró de ìdájọ́.

Àwa ò mọ ìkankan nínú èyí. A rò pé níwọ̀n ìgbà tí a ti ní nọ́ńbà Charity Commission, àjọ tó ń forúkọ ẹgbẹ́ aláàánú sílẹ̀, tí onílé sì ti buwọ́ lu ìwé àdéhùn, ó ti parí. Ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni ìlò tí òfin mọ̀ mọ́ ilé. Ní England, B8 ni wọ́n ń pe ilé ìkẹ́rùsí, F1 ni wọ́n ń pe ilé ìjọsìn láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. D1 ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ẹ tó kó ìjọ wọ inú B8, kódà bí ẹ ò kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ògiri. Nílé lọ́hùn-ún, ohun tí ojú wa mọ̀ ni ilé tí ìjọba fi ọ̀dà pupa kọ X sí lára. Níbí, àpòòwé lásán ló máa bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ ní àwọn aládùúgbò kórìíra yín. Èmi náà gba bẹ́ẹ̀ gbọ́ fún oṣù púpọ̀. Nígbà tí a wá béèrè àṣẹ, kánsù lẹ ìwé mọ́ òpó iná, wọ́n sì fún àdúgbò ní ọjọ́ 21 láti sọ tẹnu wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ ló wà lórí ìkànnì kánsù. Mo jókòó ní kíṣìnì lóru ọjọ́ kan, mo kà á tán. Lẹ́tà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ẹyọ kan ló bú ẹ̀sìn wa. Ìyókù, mọ́tò, ìlù àti ìṣọ́ òru ni. Ìyá àgbà kan tó ń gbé ní òdìkejì kọ ọ́ pé ní Sunday kan, bọ́ọ̀sì ìjọ dí ẹnu ọ̀nà òun, ọkọ̀ áńbúláǹsì ò ráyè dúró, wọ́n sì fi àga oníkẹ̀kẹ́ ti ọkọ òun gba àárín mọ́tò wa kọjá nínú òjò. Mo mọ Sunday yẹn. Ọjọ́ ìkórè wa ni. Èmi ni mo ní kí dírẹ́bà páàkì síbẹ̀.

Kánsù kọ̀ fún wa nígbà àkọ́kọ́, páàkì àti ariwo ni wọ́n sì tọ́ka sí. A ti kó ìfọwọ́sí ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ìjọ lọ, inú wa ń dùn. Ọ̀pọ̀ àdírẹ́sì inú rẹ̀ jẹ́ ti Kent àti Essex. Ohun tí ìwé yẹn jẹ́rìí sí ni pé ọ̀nà jíjìn la ti ń gbé mọ́tò wá! Iye lẹ́tà kọ́ ni wọ́n ń wò, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Bí aládùúgbò bá ní owó ilé òun máa já wálẹ̀, òfin ò ka ìyẹn sí. Bó bá ní òun ò rí oorun sùn, wọ́n á kà á.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí ìwé tó gorí òpó iná rárá, èmi àti pásítọ̀ kan ilẹ̀kùn kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì. A ò mú ìwé ìwàásù dání. A lọ bẹ ìyá àgbà yẹn lákọ̀ọ́kọ́, ó sì fún wa ní tíì. A ka mọ́tò fún Sunday mẹ́rin, a háyà ọgbà iléèwé kan fún páàkì, a fi ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá ìwọ̀n sí ara ẹ̀rọ gbohùngbohùn, a gbé ìṣọ́ òru lọ síbòmíràn. Wọ́n fún wa ní ọdún méjì láti fi wò wá, pẹ̀lú àwọn ìlànà: aago mẹ́sàn-án alẹ́ la gbọ́dọ̀ tì, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní pípadé tí a bá ń kọrin, iye èèyàn sì ní gbèdéke. Ẹ má fi irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ṣeré, torí bí wọ́n bá fún yín ní breach of condition notice, ìwé tó ní ẹ ti rú ìlànà, kò sí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí rẹ̀.

Ẹnìkan á sọ fún yín pé kí ẹ rọra sá pamọ́ títí ọdún 10 á fi pé, nígbà tí kánsù ò lè ṣe yín ní nǹkan kan mọ́. Ọdún méjì péré lẹ ti lò, wọ́n sì ti mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ tún wádìí bóyá ilé yín wà lórí ilẹ̀ tí ètò Lọ́ńdọ̀nù yà sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́, Strategic Industrial Location. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ tètè máa wá ilé mìíràn, ẹ má ná owó ìjọ sórí ẹjọ́. Bí kò bá sí, ẹ gba onímọ̀ tó jẹ́ ọmọ RTPI, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ètò ìlú, kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́.

Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ tó kọ ìwé náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ pè é láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ má dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀. Lálẹ́ òní, ẹ kọ orúkọ ìwé náà àti ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ká jọ ka ọjọ́ tó kù.