Ìbọn Bàbá Lára Ògiri, Ìbọn Àna Nínú Dúróà

Lẹ́tà mẹ́ta ló wọlé lóṣù yìí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbọn ni gbogbo wọn, mo kọ́kọ́ rò pé àwọn tó kọ ọ́ mọ ara wọn ni, àmọ́ Òkè-Báálẹ̀ ni ọ̀kan ti wá, èkejì Dada Estate, ẹ̀kẹta ò tiẹ̀ fẹ́ dárúkọ àdúgbò ẹ̀, ó ní Ọlọ́rundá ṣá lòun wà. Mo kó wọn pọ̀ síbí.

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ṣakabùlà bàbá ọkọ mi ló wà lára ògiri pásééjì wa látìgbà tí bàbá ti kú, ó ti lé lọ́dún mẹ́fà. Ọkọ mi ní ogún ìdílé ni, kò sẹ́ni tó máa gbé e kúrò níbẹ̀. Àwọn ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún méje báyìí. Sátidé tó kọjá mo jáde láti kíṣìnì, mo bá Táyé lórí àga tó ń nàgà sí i, Kẹ́hìndé ń di àga mú fún un. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ọkọ mi ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, ó ti dógùn-ún, ẹ̀rù mi ti pọ̀ jù. Ṣé òfin ò sọ nǹkan kan sí i ni? – Ìyá Ìbejì, Òkè-Báálẹ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ̀rù yín ò pọ̀ jù rárá.

Kí n kọ́kọ́ bi Bàbá Ìbejì ní ìbéèrè kan: ta ló wo inú ẹ̀? Torí ṣakabùlà ò dà bí ìbọn tọ́lọ́pàá ń gbé kiri tí wọ́n lè yọ ilé ọta ẹ̀ kí gbogbo èèyàn rí i pé ó ṣófo. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki tiẹ̀, wọ́n á da ẹtù sí i, wọ́n á ki àkísà tẹ̀lé e, wọ́n á da ọta lé e, wọ́n á tún fi àkísà dí i, wọ́n á wá fi ọ̀pá gún gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí ọ̀dẹ bá ki ìbọn lálẹ́ tí kò rẹ́ran yìn ín sí, tó gbé e wálé tó gbé e kọ́, ẹrù wà nínú ẹ̀ nìyẹn, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, ẹ lè máa wò ó lóde láàárọ̀ lálẹ́ kẹ́ ẹ má mọ̀. Àwọn àgbà ọ̀dẹ ní bí wọ́n ṣe ń mọ̀: wọ́n á ti ọ̀pá bọ ẹnu ìbọn títí tó fi dúró, wọ́n á fọwọ́ di ibi tó bá ẹnu ìbọn dé mú, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á wá nà án sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn lóde. Tí orí ọ̀pá ò bá dé ìdí níbi tí ihò iná wà, nǹkan ló dá a dúró lọ́hùn-ún. Mi ò sọ èyí kẹ́ ẹ lọ dán an wò o! Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni, ẹni náà ò sì ní kọjú ẹnu ìbọn sí ara ẹ̀. Èyí tọ́kọ yín wá sọ pé ó ti dógùn-ún, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, torí irin tí ògùn-ún ti jẹ, tí ẹtù bá gbiná nínú ẹ̀ ó lè bẹ́ mọ́ ẹni tó dì í mú lọ́wọ́.

Èmi náà ti fojú mi rí i. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ti tọ́ mi, àbúrò bàbá mi ń ṣọdẹ, inú àpótí pákó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa ń ti ìbọn ẹ̀ mọ́, àgádágodo ẹ̀ tóbi tó ìkúùkù mi, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà nínú agolo Bournvita lórí wọ́dírọ́ọ̀bù. Ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Gbogbo àwa ọmọ ilé la mọ̀, mẹ́fà la jẹ́, èyí tó kéré jù nínú wa ò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Lọ́jọ́ kan táwọn àgbà lọ síbi òkú, a gbé agolo sọ̀kalẹ̀, a ṣí àpótí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé e lé èjìká bó ṣe ń rí i nínú fíìmù, ó kọjú ẹ̀ sí ilẹ̀kùn tí mo dúró sí, ó fà á. Ó dún “kẹ́”, ó tán. Kápù, nǹkan kékeré tó ń tanná sí ẹtù, ni kò sí lórí ẹ̀. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, “kẹ́” yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ẹni tó fi nǹkan pa mọ́ fún ọmọdé kò tíì tì í mọ́ ọn o, àwọn ọmọ ló ń gbé nílẹ̀ ilé, kò síbi tí wọn ò mọ̀.

Ó wá ku òfin. Ọdún 1959 ni wọ́n ti ṣòfin ìbọn tá à ń lò ní Nàìjíríà, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín ìbọn sí. Àkọ́kọ́ làwọn tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ ní àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i, bí ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́. Ìkejì làwọn téèyàn lè gba láìsẹ́ǹsì fún, bíi dọ́bù-báréèlì táwọn ọ̀dẹ tó rí já jẹ máa ń gbé. Ìkẹta làwọn tí wọ́n ń ki lẹ́nu, ibẹ̀ ni ṣakabùlà wà, ìyẹn náà ń fẹ́ ìwé-àṣẹ látọ̀dọ̀ kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ ìkẹta yìí, wọ́n rò pé torí pé alágbẹ̀dẹ àdúgbò ló rọ ọ́, nǹkan ìbílẹ̀ ni, kò kan ìjọba. Ó kàn wọ́n. Orúkọ bàbá ló sì wà lára ìwé bàbá tó bá tiẹ̀ ní ìwé, kò lè di tọkọ yín torí pé ó jogún ilé. Ìbọn tí kò níwèé nínú ilé, òfin tó wà fún olè jíjà àti ìbọn ní owó ìtanràn 20,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí Bàbá Ìbejì ka ibí yìí fúnra wọn.

Lónìí ẹ kó àga kúrò ní pásééjì, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ káwọn ọmọ débẹ̀ láìsí àgbàlagbà. Ẹ má fọwọ́ kan ìbọn náà. Ẹ má gbé e lé ọ̀kadà gbé e lọ sí tẹ́ṣàn o, tí wọ́n bá dá yín dúró lójú ọ̀nà kí lẹ fẹ́ wí? Kí ọkọ yín lọ fẹsẹ̀ ara wọn sọ fún wọn ní tẹ́ṣàn pé ìbọn bàbá àwọn tó ti kú wà nílé, kí wọ́n wá wò ó, kí wọ́n mú lọ́yà tàbí olórí ọ̀dẹ àdúgbò dání. Tí wọ́n bá fẹ́ kó ṣì wà nínú ìdílé, kí wọ́n béèrè bí wọ́n ṣe máa gba ìwé lórúkọ ara wọn, kí wọ́n wá ra àpótí onírin kí wọ́n dè é mọ́ ògiri. Fún ìrántí bàbá, fọ́tò bàbá tó gbé ìbọn dání ò ṣèèyàn ní nǹkan kan lára ògiri.

Olóòtú, ẹ kú làákàyè. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ bímọ lóṣù tó ń bọ̀ nílùú kan tí wọ́n ń pè ní Edmonds, lẹ́bàá Seattle ní Amẹ́ríkà, èmi ni mò ń lọ wẹ ọmọ fún un. Nígbà tí mo lọ níjọ́sí, mò ń kó aṣọ sí dúróà ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mo rí ìbọn láàárín Vicks àti ṣájà fóònù. Ọkọ ẹ̀ ní torí olè ni. Àkọ́bí wọn ti pé ọdún mẹ́rin. Ọmọ mi ní òfin ìlú àwọn ní kí wọ́n tì í pa, ọkọ ẹ̀ ní kọ́ọ̀tù ti da òfin yẹn nù. Ta ló tọ̀nà? Ṣé kí n sọ̀rọ̀ ni, àbí kí n panu mọ́ nílé àna? – Màmá, Dada Estate

Màmá, ẹ máa kú ìrìn-àjò o, Ọlọ́run á sọ ọ́ layọ̀. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, ọkọ ọmọ yín kàn dákẹ́ níbi tó wù ú láti dákẹ́ ni.

Lọ́dún 2018 ni Edmonds ṣòfin pé ẹni tó bá ní ìbọn nílé gbọ́dọ̀ tì í kí ẹni tí kò láṣẹ má lè lò ó. Àwọn kan pe ìlú lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ Washington, ní 2022 àwọn adájọ́ ní òfin ìpínlẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ ìbọn lọ́wọ́ ìlú, ìlú ò lè dá tiẹ̀ ṣe. Wọn ò sọ pé títì í pa ò dáa o, ẹni tó láṣẹ láti pa á láṣẹ ni wọ́n ń jà lé lórí. Ibẹ̀ ni ọkọ ọmọ yín parí ìtàn ẹ̀ sí. Àmọ́ lóṣù kọkànlá ọdún 2018 yẹn kan náà, àwọn ará ìpínlẹ̀ ọ̀hún fúnra wọn dìbò wọlé fún òfin míì tí wọ́n ń pè ní I-1639, ìyẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù keje ọdún 2019, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Òun ò sọ ibi téèyàn máa gbé ìbọn sí. Ohun tó sọ ni pé tó o bá gbé e síbi tó yẹ kó o mọ̀ pé ọmọdé lè mú un, tọ́mọ bá wá mú un tó yìn ín tàbí tó fi ṣe èèyàn léṣe, ìwọ tó o ni ín lo máa jẹ́jọ́. Tó bá wà nínú àpótí tó tì, tàbí tí wọ́n ti fi àgádágodo de ibi tí wọ́n ń fà, ẹjọ́ yẹn ò kàn ẹ́. Nítorí náà dúróà tí Vicks wà yẹn, òfin rí i.

Ibòmíì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní San Francisco, láti 2007 ni wọ́n ti ní ìbọn ìléwọ́ nínú ilé, tí kò bá sí lára ẹni tó ni ín, inú àpótí tó tì ló gbọdọ̀ wà tàbí kí wọ́n fi àgádágodo dè é, wọ́n pè é lẹ́jọ́, kọ́ọ̀tù ní 2014 ní ó dúró. Ti olú-ìlú wọn, Washington D.C., ni kò dúró, torí ìyẹn ní kí wọ́n tú ìbọn palẹ̀ tàbí kí wọ́n tì í pa nígbà gbogbo, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní 2008 ní ẹni tí olè bá wọlé tọ̀ báwo ló ṣe máa gbèjà ara ẹ̀. Kì í ṣe ìbéèrè tí kò mọ́gbọ́n dání o, mo gbà fún wọn níbẹ̀, ọkọ ọmọ yín náà á sọ ọ́. Ẹ sọ fún un pé àpótí kékeré wà tó jẹ́ pé ìka ọwọ́ ẹni tó ni ín ló ń ṣí i, kò tóbi ju Bíbélì ńlá lọ, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà ló máa wà, ó ń ṣí kéèyàn tó ka ení èjì ẹ̀ta.

Tó bá ń jiyàn, ẹ sọ ti Michigan fún un. Lóṣù kọkànlá ọdún 2021 ọmọ ọdún 15 kan gbé ìbọn tí bàbá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ sí iléèwé wọn ní Oxford, ó pa ọmọ iléèwé mẹ́rin. Ní 2024 wọ́n rán bàbá àti ìyá ẹ̀ lẹ́wọ̀n ọdún 10 sí 15, àwọn méjèèjì, àwọn tí kò yìnbọn rárá.

Ẹ sọ̀rọ̀, Màmá. Àmọ́ kì í ṣe lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé, kì í sì í ṣe lójú ìyàwó ẹ̀, ọkùnrin tí wọ́n bá tún ṣe lójú ìyàwó á máa wá bó ṣe máa borí ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọmọ lórúkọ. Ẹ wá pè é níkọ̀kọ̀, “ọkọ mi, mo ń bẹ̀bẹ̀ ni o,” àgbàlagbà tó bá kúnlẹ̀ ọ̀rọ̀ fún ọmọ bẹ́ẹ̀, agídí ẹ̀ á rọ̀. Tí kò bá gbà, ẹ ní ọmọ ọdún mẹ́rin ò ní sùn ní yàrá wọn mọ́, ọ̀dọ̀ yín ló máa sùn.

Olóòtú, ọ̀dẹ ni mí, mo níwèé. Ṣé lóòótọ́ ni pé lókè òkun lóókà gọ́fúmẹ́ǹtì ń ṣòfin pé kí wọ́n ti ìbọn mọ́lé? Kí ló dé tí ti wa ò ṣe, àbí tówó ìsọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀? – Ọmọ Ọlọ́dẹ, Ọlọ́rundá

Ẹ kú ọdẹ o, ẹ ò ní rìn fẹsẹ̀ sí i. Bẹ́ ẹ bá ka ìdáhùn Màmá, ẹ ti rí i pé nílẹ̀ yẹn náà ìlú mìíràn lè ṣe é, òmíràn ò lè ṣe é. Tiwa ò ní àríyànjiyàn: ìwé òfin ọdún 1999 fi ìbọn, ọta àti nǹkan tó ń bú gbàmù sínú àwọn ohun tó jẹ́ ti Àbújá nìkan. Ọlọ́rundá ò lè ṣe é, Òṣogbo ò lè ṣe é, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀ṣun gan-an ò lè ṣe é. Ẹ rántí ariwo ìbọn Àmọ̀tẹ́kùn, gómìnà ló ń bẹ Àbújá nígbà yẹn. Ó ń dùn mí díẹ̀, kí n má purọ́, ìlú tó jẹ́ pé Tìmẹ́hìn ọlọ́dẹ wà lára àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó, ó yẹ kó lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ìbọn.

Àmọ́ ẹgbẹ́ ọdẹ yín ò nílò Àbújá kó tó ṣòfin fáwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀. Ẹ lè fẹnu kò pé ẹni tó bá ti ìgbẹ́ dé gbọdọ̀ tú ẹrù inú ìbọn ẹ̀ kó tó wọlé, pé ẹtù ò gbọdọ̀ wà níbi tí ìbọn wà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ tẹni tí mo gbọ́ pé ó ń sá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán ìyàwó ẹ̀ lásìkò òjò. Níbi ìṣípà ọdẹ náà, kí àwọn ọmọdé jìnnà síbi tẹ́ ẹ ti ń yìn ín. Nípàdé tẹ́ ẹ máa ṣe, ẹ bi olórí ọ̀dẹ yín bóyá wọ́n ní àpótí onírin. Tí wọ́n bá ní àwọn ní, ẹ bi wọ́n níbi tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà.