Wọ́n ní ká padà sí kíláàsì, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ńkọ́?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ Kòrónà àti afẹ́fẹ́ inú kíláàsì la fẹ́ sọ, oṣù March 2021 la kọ èyí, òfin àti ìlànà inú ẹ̀ sì jẹ́ ti ìgbà yẹn. Látìgbà tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn fásitì ní Nàìjíríà, ti ní kí àwọn fásitì ṣílẹ̀kùn padà ní 18 January 2021 yìí ni àpótí ìbéèrè wa ò ti sinmi, àwọn olùkọ́ fásitì àtàwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ̀wé. Kò yà mí lẹ́nu rárá. March 2020 ni wọ́n ti àwọn fásitì pa, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, náà ti ń yanṣẹ́ lódì nígbà yẹn, 23 December ni wọ́n tó dá ìyanṣẹ́lódì ọ̀hún dúró, ẹlòmíì sì rèé, bí oṣù mẹ́wàá ni kò fi dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́, àfìgbà tí wọ́n ní kó padà bọ́ sínú January tí ìgbì kejì Kòrónà ń jà ràìnràìn. Mo mú díẹ̀ lára àwọn lẹ́tà náà, mo ti yọ orúkọ kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Fásitì ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ti pé ẹni ọdún 58, mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kọ́ọ̀sì 200 level tí mo ń kọ́, àwọn ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 400, gbọ̀ngàn tí wọ́n fún wa ò gbà ju 200 lọ, àwọn kan ń jókòó sójú fèrèsé, àwọn kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, máíkì ò sí, àfi kí n máa pariwo kí àwọn tẹ̀yìn tó gbọ́. HOD wa, ìyẹn olórí ẹ̀ka, ní kí n ṣáà ti lo ìbòmú. Ṣé ìyẹn tó? Àbí kí n jókòó sílé mi?

Èsì: Ẹ kú làálàá sà. Ká má tan ara wa, kò tó. Ìbòmú dáa, ẹ má yọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ju ìbòmú lọ, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni. Èémí ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń bá jáde, inú yàrá tí wọ́n sé pa sì ni ó máa ń dúró sí, bí èéfín sìgá, ẹni tó mu ún lè ti jáde kí ẹni tó wọlé lẹ́yìn ẹ̀ ṣì máa gbóòórùn ẹ̀. Ẹni tó ní i lè máa kó o ran èèyàn láti bí ọjọ́ méjì kí ara òun fúnra ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, nítorí náà "ara gbogbo wa le níbí" kò ràn wá lọ́wọ́.

Ti ariwo tí ẹ ń pa yẹn ló ń ká mi lára jù. Ní 10 March 2020, àwọn ẹgbẹ́ akọrin kan péjọ ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà láti fi orin dánra wò, èèyàn 61, wákàtí méjì àti ààbọ̀, ẹnì kan ṣoṣo láàárín wọn ló ń ṣe bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Èèyàn 52 míì ló ṣàìsàn lẹ́yìn ẹ̀, méjì kú nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ wọn ò dì mọ́ra wọn, wọn ò bọwọ́, orin ni wọ́n ń kọ. Béèyàn bá ń kọrin tàbí tó ń pariwo, ohun tó ń tẹnu ẹ̀ jáde máa ń pọ̀ gan-an ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ, èyí tó ń fà símú náà sì máa ń pọ̀. Ẹ wá fojú inú wo olùkọ́ tó ń fi wákàtí méjì pariwo nínú gbọ̀ngàn tí irinwó ọmọ ń mí sí i lára.

Nítorí náà ohun àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ má pariwo mọ́. Ẹ wá máíkì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí yẹn, irú èyí táwọn tó ń ta oògùn nínú mọ́tò máa ń lò, ẹ̀ka yín lè ra ẹyọ kan kẹ́ ẹ jọ máa lò ó, àmọ́ kí kálukú ní aṣọ tinrín tí yóò máa fi bo ẹnu ẹ̀, kó sì máa fi sànìtáísà nù ún kó tó gbé e fún ẹlòmíì. Èkejì, ẹ lé àwọn ọmọ tó ń jókòó sójú fèrèsé kúrò. Mo mọ̀ pé kò sáyè ni wọ́n ṣe jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n fèrèsé tí ọmọ mẹ́ta jókòó dí ti di ògiri nìyẹn, atẹ́gùn ò lè gbabẹ̀. Kí fèrèsé ọ̀tún àti tòsì wà ní ṣíṣí lẹ́ẹ̀kan náà kí afẹ́fẹ́ lè gba inú yàrá kọjá, èyí tó bá ti dípẹtà tí kò ṣeé ṣí, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń tún ilé ṣe ní fásitì yín kí wọ́n wá yọ gíláàsì ẹ̀ kúrò pátápátá, òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Fáànù òkè àjà ò ní ṣe é fún wa tí fèrèsé bá wà ní títì, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń rò pọ̀, AC náà bẹ́ẹ̀. Tí jẹnẹrétọ̀ bá sì wà lẹ́yìn fèrèsé tí ariwo ẹ̀ ń mú kẹ́ ẹ tì í, jẹnẹrétọ̀ ló yẹ kí wọ́n gbé kúrò o.

Ẹ̀kẹta, irinwó ọmọ yẹn ò gbọdọ̀ wọlé pa pọ̀. Òfin ni lọ́dún 2021 yìí, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ní 26 January 2021 ni Buhari, ààrẹ ìgbà náà, fọwọ́ sí òfin Kòrónà tuntun, ó wà níbẹ̀ pé ìpéjọpọ̀ tó bá ju èèyàn 50 lọ ò gbọdọ̀ wáyé nínú yàrá tí wọ́n sé, àyàfi ti ìjọsìn, àti pé kí mítà méjì wà láàárín ẹnì kan sí èkejì, ẹni tó bá sì tàpá sí i lè sanwó ìtanràn tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Ẹ kọ èyí sínú lẹ́tà sí HOD yín, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi kópì pa mọ́. Ẹ pín wọn sí ìsọ̀rí, kẹ́ ẹ ka lẹ́ṣọ̀ yín sínú fóònù, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, torí ohùn lásán kì í jẹ data tó Zoom, ọmọ tó wà ní abúlé á lè gbọ́ ọ, kí ọjọ́ tí ẹ bá fojú kojú wá jẹ́ fún ìbéèrè àti iṣẹ́ ṣíṣe, bí ogójì ìṣẹ́jú. Ibi tí igi bá wà, ẹ jókòó sábẹ́ ẹ̀. Mi ò rí ohun tó ń tini lójú níbẹ̀.

Ṣé kẹ́ ẹ jókòó sílé? Ẹ má dá nìkan jókòó, wọ́n á ní ẹ sá níṣẹ́. Ẹ lọ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kó kọ ọ́ pé ewu tiyín pọ̀, kẹ́ ẹ wá kó ara yín jọ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tó ti dàgbà tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kẹ́ ẹ bá ẹ̀ka ASUU yín sọ ọ́. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ojo pè yín. 29 December 2020 ni Kòrónà mú Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Ọdẹ́kúnlé lọ ní Gwagwalada, ògbóǹkangí nínú ìmọ̀ ìwà ọ̀daràn, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í rí i rà lọ́jà. Kẹ́ ẹ sì máa lo oògùn yín déédéé.

Ìbéèrè: Àǹtí mi, èmi kì í ṣe olùkọ́ o, sẹ́kìtìrì ẹ̀ka ni mí. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ, olùkọ́ olùkọ́. Ọ́fíìsì mi ò ju ibùsùn méjì lọ, àwọn ọmọ á ya wọlé bíi ogún lẹ́ẹ̀kan náà nítorí fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì àti kílíráńsì, wọ́n á gbórí lé mi léjìká. Ike omi wà ní géètì, ṣùgbọ́n tó bá ti di aago mẹ́sàn-án omi ti tán.

Èsì: Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ kí yín fún sùúrù, àbúrò mi. Òótọ́ lẹ sọ, wọ́n ń gbàgbé yín, bẹ́ẹ̀ ewu tiyín ju ti ẹlòmíì lọ, olùkọ́ wọ kíláàsì fún wákàtí méjì ó jáde, ẹ̀yin wà nínú yàrá kékeré láti aago mẹ́jọ di mẹ́rin. Ẹ fa tábìlì kan dí ẹnu ọ̀nà lọ́la, kí ọ̀rọ̀ pé ọmọ kankan wọlé tán. Ẹ gbé páálí mẹ́ta sí kọ́rídọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà mátíríkì sí i lára, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi báyìí dé ibi báyìí, kí wọ́n ju fọ́ọ̀mù wọn síbẹ̀, kẹ́ ẹ lẹ ọjọ́ àti aago tí wọ́n á wá gbà á mọ́ ògiri. Fèrèsé yín ńkọ́? Tí káábọ́ọ̀dù fáìlì bá dí i, ẹ yí káábọ́ọ̀dù padà.

Ti omi yẹn, ẹ ní kí ọ̀gá yín kọ orúkọ ẹnì kan pàtó sílẹ̀ pé òun ni yóò máa pọn ọ́n láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, iṣẹ́ tí kò lórúkọ ẹni kankan lára kì í ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ike omi àti ìbọn tí wọ́n fi ń wo ìgbóná ara ní géètì fi yín lọ́kàn balẹ̀ jù. Ẹni tí ara ẹ̀ ò gbóná lè ní i, ìbọn yẹn ò ní mú un. Ẹ fọwọ́ o, torí ọwọ́ ló ń kan imú àti ojú, sànìtáísà tẹ́ ẹ bá sì máa rà, kí ọtí inú ẹ̀ tó 60 nínú 100 ó kéré tán, ẹ ka ara ike ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Àmọ́ èémí ogún ọmọ nínú yàrá yín lẹ kọ́kọ́ fẹ́ yanjú.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè lo ike ojú tó mọ́ gaara yẹn (face shield) nìkan, láìlo ìbòmú, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa rí ẹnu mi?

Èsì: Rárá o. Ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé ń gbabẹ̀ jáde. Ó wúlò tẹ́ ẹ bá lò ó lé orí ìbòmú. Ìbòmú gan-an, kó bo imú o, èyí tó wà lágbọ̀n ò ṣe nǹkan kan.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ìyá mi ẹni ọdún 80 ló ń gbé lọ́dọ̀ mi, èmi sì ti ń padà sí kíláàsì. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ gbé Kòrónà wálé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ara mi gbóná díẹ̀, mo lo oògùn ibà, ó lọ.

Èsì: Ibà tó lọ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ara bá ti gbóná lọ́dọ̀ wa, ibà ni, àbí taífọ́ọ̀dù, a ti ra oògùn ní kẹ́míìsì kó tó di ọ̀sán. Lásìkò yìí, tí ara bá gbóná, tí ikọ́ bá ń yọ, tí imú ò bá gbóòórùn ọbẹ̀ mọ́ tàbí tẹ́nu ò mọ adùn, ẹ ṣe bí ẹni tó ní Kòrónà títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kì í ṣe òun. Ó lè tó ọjọ́ méjì sí mẹ́rìnlá lẹ́yìn tó bá ti wọ ara kó tó hàn. Ẹ pe ọ́fíìsì pé ẹ ò wá, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, ẹ yà sí yàrá ọ̀tọ̀, ẹlòmíì ni kó máa gbé oúnjẹ fún Màmá, tó bá sì jẹ́ òun lóòótọ́, ìlànà 2021 yìí ni pé ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá láti ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde.

Lọ́jọ́ tí ara yín bá le, ẹ jẹ́ kí fèrèsé pálọ̀ máa wà ní ṣíṣí, kẹ́ ẹ máa lo ìbòmú tẹ́ ẹ bá jókòó tì í lọ́sẹ̀ tí kíláàsì yín bá pọ̀. Ẹ jọ jókòó sí fàráńdà jẹun. Ẹ má yẹra fún un pátápátá, àgbàlagbà tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ máa ń ṣàárẹ̀ lọ́nà mìíì.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú ilé o. England ni mo wà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní lábù ní fásitì kan. Láti 8 March 2021 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀kọ́ wọn jẹ́ ti àfọwọ́ṣe ti padà. Ikọ́ fée (asthma) ń dà mí láàmú, mo bẹ ọ̀gá mi, ó ní gbogbo èèyàn ti padà.

Èsì: Tiyín sàn díẹ̀, torí òfin wà tí ẹ lè dì mú. Òfin Employment Rights Act ti 1996 lọ́hùn-ún, abala 44 ẹ̀, ó ní wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó bá kúrò níbi iṣẹ́ tàbí tó kọ̀ láti padà síbẹ̀ nítorí pé ó gbàgbọ́, pẹ̀lú ìdí tó mọ́gbọ́n dání, pé ewu ńlá ń bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ìbínú lò o, ẹ kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín, UCU, sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì bèèrè ìwé àyẹ̀wò ewu tí wọ́n ṣe fún yàrá yẹn, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé. Àyẹ̀wò oníṣẹ́jú ọgbọ̀n tí wọ́n ń fún yín ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lọ́dún 2021 yìí, ẹ máa ṣe é, ṣùgbọ́n tó bá ní ẹ ò ní i, ẹ má tìtorí ẹ̀ bọ́ ìbòmú.

Ìbéèrè: Abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà ti AstraZeneca tó dé yìí, wọ́n ní ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ṣé kí àwa olùkọ́ gbà á?

Èsì: 2 March 2021 ni èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4 gúnlẹ̀ sí Àbújá láti ọ̀dọ̀ COVAX, ètò àgbáyé tó ń pín abẹ́rẹ́ Kòrónà fún àwọn orílẹ̀-èdè, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń gún un fún. Òótọ́ ni pé àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù dá a dúró lóṣù March 2021 kí wọ́n lè yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì wò, ṣùgbọ́n àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 17 March pé àǹfààní ẹ̀ ju ewu ẹ̀ lọ, kí wọ́n máa gún un lọ. Pẹ̀lú ohun tí a mọ̀ ní March 2021 yìí, èmi á ní kẹ́ ẹ gbà á tó bá kàn yín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní 50. Ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò fún nọ́ọ̀sì kó tó gún un. Tí orí fífọ́ líle tí kò lọ, ẹsẹ̀ wíwú tàbí èémí tó ń há bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ má lọ kẹ́míìsì, ọsibítù ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gún un lọ́dún 2021 yìí, ẹ fi káàdì tí wọ́n bá fún yín pa mọ́ dáadáa torí ọjọ́ tí ẹ máa padà wà nínú ẹ̀.