Sọ́fítíwíà wo ló dára láti fi lo Linux nínú Windows lórí kọ̀ǹpútà ilé?

VirtualBox, sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí Linux ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé kan lórí Windows, ni kí ẹ kọ́kọ́ lò: ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní pa Windows yín rẹ́. VMware Workstation Pro náà ti di ọ̀fẹ́ fún ìlò ara ẹni láti ọdún 2024. Òun ni mo fara mọ́ bó bá jẹ́ iṣẹ́ àwòrán 3D. Hyper-V, irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ tí Microsoft ṣe, kò sí nínú Windows Home.

RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) ló ṣe kókó jù. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ní 8GB, ẹ má fún Linux ju 4GB lọ, torí Windows fúnra rẹ̀ ń jẹ tirẹ̀. Bí Linux bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ wọ inú BIOS (ètò ìpìlẹ̀ tó ń ṣí kí Windows tó ṣí), kí ẹ tan VT-x fún Intel tàbí SVM fún AMD, ìyẹn àṣàyàn tó ń jẹ́ kí irú sọ́fítíwíà yìí ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ló sábà máa ń há sí. Fún Mac tó ń lo M1 sókè, ẹ wo UTM, irú sọ́fítíwíà yìí fún Mac.