Wẹ́dà Àkúrẹ́ tó fẹ́ lọ Port Harcourt: ìdánwò 6G ni kó kọ́kọ́ mọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àbúrò yín ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù iṣẹ́ wẹ́dà l'Ákùúrẹ́, ó gbọ́ pé ilé ìfọpo Port Harcourt ti ṣí, ẹ sì ń béèrè iye tí yóò mú dání. Ẹ ní kó jókòó ná. Oṣù kọkànlá 2024 ni ilé ìfọpo náà, tó wà ní Alesa-Eleme, padà ṣiṣẹ́, oṣù karùn-ún 2025 ni wọ́n tún tì í. Iṣẹ́ àtúnṣe ibẹ̀ gan-an, ti kọngílá ni: páìpù dúró tán, iṣẹ́ tán.

Ibi tí ojú ti ń rí màbo ni ìdánwò 6G, ìyẹn ìdánwò jíjó páìpù fún wẹ́dà. Ẹni tó ń jó géètì, kò sẹ́ni tó ń yẹ inú ibi tó jó wò. Nínú 6G, wọ́n á de páìpù ní ìdagẹ̀rẹ̀ 45°, kò gbọdọ̀ yí i. Òun ni yóò máa yí ara rẹ̀. Àlàfo bíi mìlímítà 3 ni kó fi sáàárín páìpù méjèèjì tó fẹ́ jó pọ̀. Tí táàkì rẹ̀, ìyẹn ìjó kékeré tó kọ́kọ́ fi dè wọ́n pọ̀, kò bá le, irin á sún bó bá gbóná, àlàfo á pa dé, iná kò ní dé ìdí. Ọ̀pá ìjórin (electrode) 6010 ni kó fi jó ìdí, kó lọ̀ ọ́ mọ́, kó tó fi ọ̀pá 7018 kún un. 7018 yìí ló ń pa èèyàn! Ó ń fa ọ̀rinrin. Èyí tó bá sùn síta páálí lásìkò òjò, sísá sóòrùn kò ràn án; inú ààrò bíi 300°C fún wákàtí méjì ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ibi tó fi jó á dán, ṣùgbọ́n X-ray á fi ihò wẹ́wẹ́ hàn nínú rẹ̀ bí inú búrẹ́dì. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn ayẹ̀ṣẹ́wò á kàn kọ “reject”, wọn ò ní tọ́ka ibi tó bàjẹ́. Kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi fíìmù náà hàn án.

Ẹ má sanwó “slot” fẹ́nikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ lórí NOGIC JQS, ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ epo àti gáàsì ti NCDMB, àjọ ìjọba. BOSIET, ìwé-ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ààbò, ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ lójú òkun ló wà fún, ọdún 4 péré ló sì ń lò. Ẹ jẹ́ kíṣẹ́ dé kẹ́ ẹ tó ṣe é.

Èédú Enugu ni wọ́n torí ẹ̀ la èbúté Port Harcourt, kí epo Oloibiri tó jáde ní 1956. Iṣẹ́ ìlú náà tún ń yí báyìí: Shell ti ta ẹ̀ka orí ilẹ̀ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Renaissance ní 2025. Nítorí náà, kó wádìí ẹni tó ń gba kọngílá lónìí, kó má gbára lé nọ́mbà àtijọ́ tí wọ́n fún un.

Owó tẹ́ ẹ bi mí: ilé àti oúnjẹ oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú páìpù ínṣì 6 tí yóò fi dánra wò l'Ákùúrẹ́ kó tó wọkọ̀.