Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kíìkì ẹ́ńjìnnì tó ti mumi

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àjálù o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì: katakata yín yọ̀ wọ odò Ọ̀yun lápá Ọ̀fà, omi ti bo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti àná, awakọ̀ yín sì ní kí wọ́n fà á jáde lálẹ́ yìí, kí wọ́n gbé bátìrì mìíràn sí i, kí wọ́n kíìkì ẹ̀ bóyá á gbà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbà fún un.

Ohun tí èmi náà ṣe lọ́dún 2014 nìyẹn, nínú àkùrọ̀ kan lẹ́yìn Ajàṣẹ́. Massey Ferguson 375 ni, a ò tíì lò ó pé ọdún méjì. Kíìkì ò gbé e, a bá ní kí katakata kejì máa fà á lọ, kí n fi gíà jí i. Mo jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ó dún "gbà!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kọ́nrọ́ọ̀dù kan, ìyẹn irin tó gbé pístìnì (èyí tó ń lọ sókè sódò fún afẹ́fẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì) dání, ti ká, ó sì ti lu ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì jáde. Ihò yẹn gba ìkúùkù mi. Gbogbo owó ìtúlẹ̀ tá a ti gbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ni a dá padà lọ́dún náà.

Ẹ́ńjìnnì tó ń lo dísù a máa fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí á fi ṣẹ́ kù bí ìdá 1 nínú 16. Afẹ́fẹ́ á gbà kí wọ́n fún òun. Omi ò ní gbà láéláé, irin ló máa ká.

Ẹ ò sì gbọdọ̀ kánjú fà á jáde. Irin tó wà lábẹ́ omi kì í yára dípẹtà tó irin tútù tí afẹ́fẹ́ dé bá. Bí odò ò bá ti lè gbé e lọ, ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Ẹ rán èèyàn sí òpópónà Táíwò ní Ìlọrin nísinsìnyí, kó ra fíltà àti ọ́ìlì tó máa tó pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí mẹkáníìkì sì ti wà létí odò kó tó jáde.

Tẹ́ ẹ bá ń fà á, ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ẹrẹ̀ iwájú táyà. Lára katakata tó ń fà, ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ń so tírélà mọ́ ni kẹ́ ẹ so ṣéènì sí. Tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ òkè áàsì (irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀), iwájú rẹ̀ á gbé sókè, á sì ṣubú sẹ́yìn lu awakọ̀ mọ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dúró sítòsí ṣéènì.

Tó bá ti jáde, ẹ yọ orí bátìrì. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra dẹ nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nù. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, òun ló máa kọ́kọ́ ṣàn. Katakata tó mumi tá a tún ṣe ní Ìgbàjà lọ́dún 2019, omi gaara ló kọ́kọ́ dà, ohun funfun kan bí omi wàrà tẹ̀ lé e, kí ọ́ìlì dúdú tó yọjú.

Ẹ wá tú nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fín dísù sínú ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ fi sípánà yí púlì iwájú ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má yọjú wo ihò nọ́sù o, omi á ta jáde. Ẹ máa yí i títí á fi gbẹ, kẹ́ ẹ wá kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Tó bá há, ẹ má fi agídí yí i.

Ẹ ò sọ bóyá ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nígbà tó wọmi, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn ìdérí orí ẹ́ńjìnnì. Ẹ yí i kí pístìnì kọ̀ọ̀kan gòkè dópin, kẹ́ ẹ wọn ọ́n. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ ga dọ́gba. Èyí tó bá kúrú, kọ́nrọ́ọ̀dù rẹ̀ ti ká nìyẹn.

Ẹ da ọ́ìlì gíà náà nù, òun náà ló ń gbé háróò (irin tó ń fọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn katakata) sókè. Ẹ da dísù inú táńkì nù, kẹ́ ẹ gbé kíìkì àti ọ́tánétọ̀ tó ń fi iná sí bátìrì fún rẹwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Tó bá gbà, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ láìfa nǹkan kan, kẹ́ ẹ tún pààrọ̀ ọ́ìlì, títí tí funfun ò fi ní sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta la pààrọ̀ ti Ìgbàjà, ó ṣì ń túlẹ̀ dòní.

Ẹ bi awakọ̀ yín léèrè nísinsìnyí bóyá ó ti pa á kó tó wọmi, kẹ́ ẹ dá mi lóhùn. Mi ò ní sùn.