Ṣé báńdì tó ń ka ọpọlọ lè kìlọ̀ kí rọpárọsẹ̀ tó dé?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ń gbé. Lọ́ńdọ̀nù ni èmi wà. Mo rí báńdì kan tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú orí, tó ń gbé ìgbì ọpọlọ sórí fóònù. Ẹni tó ń tà á ní tí rọpárọsẹ̀ bá ń bọ̀, yóò ti kìlọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ṣé kí n rà á ránṣẹ́ sí wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn Bàbá. Ẹ má rà á.

Ìbéèrè yìí ń wá sọ́dọ̀ mi lemọ́lemọ́, ó sì ń bí mi nínú, nítorí ẹ̀rọ gidi ni àwọn ọlọ́jà yìí mú tí wọ́n so irọ́ mọ́. EEG ni a ń pè é. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ máa ń fi iná bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ náà sì ń gba iná ọ̀hún sílẹ̀ láti orí awọ. Hans Berger ló kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ lára ènìyàn, ní Jámánì, ní 1924. Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan ọpọlọ dáadáa mọ́, ìgbì alpha tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 8 sí 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á dínkù níbẹ̀, delta tó ń wọ́, tí kò tó 4, á wá pọ̀ sí i. Kíá ló máa ń hàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó ní yàrá iṣẹ́ abẹ nígbà tí wọ́n bá ń tún iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i: lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dínkù ni. Ẹ̀jẹ̀ dídì tó ṣì wà nínú ọkàn lónìí, tó máa já lọ sí ọpọlọ lọ́la, kò tíì fọwọ́ kan ọpọlọ. Kí ni ẹ̀rọ fẹ́ kà níbẹ̀?

Àní nígbà tí àìsàn náà bá ti dé, bí ẹni tó dúró lẹ́yìn ògiri tó ń gbọ́ ariwo ọjà ni EEG rí. Ó mọ̀ pé ọjà ti pa rọ́rọ́, kò mọ ohun tó tú u. Wárápá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ènìyàn tàbí súgà tó lọ sílẹ̀ lè yí ìgbì padà bákan náà. Bóyá iṣan dí ni o, bóyá ó bẹ́ ni o, CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, ló máa sọ ọ́, ìtọ́jú méjèèjì sì yàtọ̀ pátápátá.

Àwọn onímọ̀ ní Amsterdam ti dán fìlà EEG wò nínú ọkọ̀ ambúláǹsì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iṣan ńlá ló dí, kí ọkọ̀ lè gba ilé ìwòsàn tó lè fa ẹ̀jẹ̀ dídì yọ lọ tààrà. Iṣẹ́ tó dára ni, mo nírètí nínú rẹ̀. Ara ẹni tí àmì ti hàn lára rẹ̀ ni wọ́n ti dán an wò, kì í ṣe ara bàbá tó jókòó jẹ́jẹ́ nílé.

Báńdì iwájú orí tún wá kéré sí iṣẹ́ yìí. Ní ilé ìwòsàn, nǹkan bí 20 irin pẹlẹbẹ ni a ń lẹ̀ káàkiri orí. Tí Bàbá bá ń rún obì lẹ́nu, iná iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn nìkan tó láti bo ti ọpọlọ mọ́lẹ̀. (Fún àwọn ìyá wa tó ń dirun, irin náà kì í jókòó dáadáa rárá, Arnelle Etienne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Carnegie Mellon, Amẹ́ríkà, ti ṣe irú èyí tó ń há sáàárín irun dídì.)

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àárọ̀ ọjọ́ tí ẹnu Bàbá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá wọn ń já bọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ wọn lẹ́nu, tí fóònù sì ń sọ pé kò séwu. Àwọn ará ilé á dúró dípò kí wọ́n gbé Bàbá lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ ni a ń lò ó, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in. Tí ẹ bá rí ọ̀kan péré nínú àwọn àmì yẹn, ẹ gbé wọn lọ. Ẹ má fi ata sí wọn lẹ́nu, ẹ má rọ àgbo fún wọn, ẹ má fún wọn ní aspirin kí CT tó sọ̀rọ̀. Ẹ kọ aago tí a rí wọn kẹ́yìn tí ara wọn dá sílẹ̀, ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání.

Owó báńdì yẹn, ẹ fi ra ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń dè mọ́ apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Ìwádìí SIREN tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn darí ní Nàìjíríà àti Ghana, tó jáde ní 2018, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí ẹ bá ń wá ẹ̀rọ tó ń wo ọjọ́ iwájú, ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru náà nìyẹn. Tí nọ́ńbà òkè lójú ẹ̀rọ náà bá ń ju 140 lọ, tàbí ti ìsàlẹ̀ ju 90 lọ, lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà wọn. Èmi kò yẹ̀ wọ́n wò, nítorí náà ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ mi dín oògùn kankan kù tàbí kí ẹ fi kún un.

Kí ẹni tó wà nílé pẹ̀lú wọn pe ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn lọ́sẹ̀ yìí, kó bèèrè bóyá CT wọn ń ṣiṣẹ́ lóru àti lọ́jọ́ Sunday. Tí wọ́n bá ní rárá, kó bèèrè èyí tó ń ṣiṣẹ́, kó sì kọ nọ́ńbà awakọ̀ tí yóò gbé wọn débẹ̀ sára ògiri.