Bàálù onírímóòtù tó ń gbé imú sókè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo to bàálù onírímóòtù kan láti inú páálí rẹ̀. Bó ṣe kúrò nílẹ̀ ló gbé imú sókè, tó sì já lulẹ̀. Ṣé agbára rẹ̀ ló kéré ni?

ÌDÁHÙN: Ó jọ pé ìrù ló wúwo jù. Ẹ wo ìwé inú páálí fún ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí fífẹ̀ apá rẹ̀ láti etí iwájú dé etí ẹ̀yìn sì dọ́gba jálẹ̀, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ sàmì sí 5 sí 6 láti etí iwájú. Ẹ ti bátìrì bọ inú rẹ̀, kí ẹ fi ìka gbé apá méjèèjì níbi àmì náà: imú ni kó tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ ìrù, ẹ kọ́kọ́ sún bátìrì síwájú. Ìgbẹ̀yìn ni ti òjé tí wọ́n ń fi sí imú kó lè wúwo, nítorí ẹrù lásán ló jẹ́ fún bàálù.

Ẹ yẹ ìrù náà wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ abẹ̀bẹ̀ kúrò ná, kí ẹ sì tan rímóòtù ṣáájú bàálù. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kan ọ̀pá rímóòtù, pátákó ẹ̀yìn ìrù, èyí tó máa ń lọ sókè-sódò, gbọ́dọ̀ tẹ́ bá ìrù dọ́gba. Bó bá yọ sókè, ìyẹn nìkan tó láti gbé imú sókè. Ẹ yí orí wáyà tó ń fà á títí yóò fi tẹ́.